Ọjọ́ Márùn-ún Tí Mo Fi Gbé Lẹ́tà Orsby Pamọ́

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé abúlé wo ni mo mọ̀ jù láyé, kì í ṣe ti bàbá mi ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Little Orsby ni. Ilẹ̀ England ló wà. Mi ò débẹ̀ rí, ó sì ṣeé ṣe kí n má débẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí odò ti gba orí títì kọjá níbẹ̀, mo mọ igi tó dàgbà ju ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ, mo sì mọ ìdí tí aago orí ṣọ́ọ̀ṣì náà fi ní ojú mẹ́ta dípò mẹ́rin. Calgary ní Canada tí mò ń gbé gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ibi iṣẹ́, bọ́ọ̀sì, train, basement, ó tán.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Foothills Industrial ni mo ti ṣiṣẹ́. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlá kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní Ṣágámù, tí wọ́n ń kí mi "Ẹ káàárọ̀ mà" láti ẹnu gééètì títí dé ọ́fíìsì, mo wá di ẹni tó ń lẹ bébà mọ́ páálí. Ọ̀gá tí mo lè bí ń pè mí lórúkọ láìfi mà kún un. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pè mí, mo wẹ̀yìn, mo rò pé ẹlòmíì ló ń bá wí. Ó tún pè é, mo sì dáhùn. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ n má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Omi ojú mi dì mọ́ ìpéǹpéjú mi ní bus stop lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ mi ò sunkún o, afẹ́fẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n òtútù ṣì dáa ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ. Nínú basement, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí mo rẹ́ǹtì ní Abbeydale, mo lè ti iṣẹ́ dé ní Fúráìdè kí n má gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi títí di Mọ́ńdè. Ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbé lókè ni mo fi ń mọ̀ pé èèyàn ṣì wà láyé.

Sọ́ńdè ni mo máa ń pe ilé. Àbúrò mi Gbénga ló ń gbé pẹ̀lú bàbá wa, òun ló máa ń gbé e. Bàbá á gba fóònù, wọ́n á bi mí pé ṣé mo ti jẹun, wọ́n á bi mí pé ṣé snow yẹn ò tíì tán nílẹ̀. Wọ́n á wá bi mí pé ìwé dà. PR ni wọ́n ń bèèrè, ìwé tó máa fún mi láṣẹ láti máa gbé Canada títí láé. Ìwé ọ̀hún ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, tí mo bá sì jáde ní Canada kó tó jáde, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí n padà wọlé. Nítorí náà, mi ò lè lọ síbì kankan.

Nígbà tó yá, mo lọ kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, mo gbàwé-ẹ̀rí, mo sì rí iṣẹ́ ní New Brighton, àdúgbò kan ní Calgary. Lọ́jọ́ tí ìwé-ẹ̀rí yẹn dé, mo jó nínú basement, èmi nìkan, títí àwọn tó wà lókè fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ lórí mi.

Bàbá tí mo lọ ń tọ́jú, Arthur lorúkọ wọn. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n, ojú wọn ti fọ́ pátápátá. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Helen, ẹnjiníà ni, ibi epo rọ̀bì lápá àríwá ló ti ń ṣiṣẹ́. Á lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́hùn-ún, á wá lo ọ̀sẹ̀ kan nílé. Tó bá ti lọ, èmi ni mo máa ń sùn ti bàbá.

"Arthur ni kó o máa pè mí," ni wọ́n sọ lọ́jọ́ kìíní.

Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó ju bàbá mi lọ! Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Arthur."

"Èmi kì í ṣe bàbá ẹ."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ni wọ́n ń kọ. Ìtàn Little Orsby, abúlé tí wọ́n bí wọn sí, àti àwọn ohun tí àlejò lè lọ wò níbẹ̀. Wọ́n á máa sọ ọ́, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Tíṣà ìtàn ni mí, kò pẹ́ tó wọ̀ mí lára. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè títí wọ́n fi ní mo le ju ọlọ́pàá lọ. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé aago ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà lódìkejì odò kọ̀, wọn ò dá sí i. Làwọn ará Orsby bá fi aago sí ojú mẹ́ta, wọ́n fi èyí tó kọjú sí àwọn yẹn sílẹ̀ lófo. Títí di òní, aago ò sí lójú ibẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, àwọn èèyàn yín le o!"

"Dorothy ló le jù nínú wọn," ni wọ́n fèsì.

Dorothy ni ẹ̀gbọ́n wọn, ọdún méjì ló fi jù wọ́n lọ. Inú ilé tí wọ́n bí wọn sí ló ṣì ń gbé. Bàbá Arthur wá sí Canada nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n fi àwọn òbí sí Dorothy lọ́rùn. Nígbà tí ìyá wọn kú, wọn ò lọ sìnkú, wọ́n níṣẹ́ pọ̀. Láti ìgbà náà ni Dorothy ò ti bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ní báyìí tí ìwé ń parí lọ, wọ́n ní kí n tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, kí n fi ránṣẹ́ sí Dorothy, kó bá wọn tún un ṣe.

"Òun nìkan ló kù láyé tó lè sọ fún mi pé irọ́ ni mò ń pa," ni wọ́n wí.

Àárọ̀ kì í mọ́ kí wọ́n má bi mí: "Lẹ́tà ti dé?" Mo máa wọ bàtà snow, mo máa rìn lọ síbi àpótí lẹ́tà àdúgbò ní kọ́nà, mo máa padà wá ní, "Ó di ọ̀la, Bàbá."

Ìwé yẹn dá ọ̀ràn sí mi lọ́kàn, mi ò ní purọ́. Òkúta kan wà ní Orsby tó ní ihò lórí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, ọtí kíkan tó ń pa àrùn ni wọ́n ń dà sínú ihò yẹn, wọ́n á ju owó sí i, kí àwọn ará ìta lè mú un kí wọ́n sì gbé oúnjẹ sílẹ̀ láìfarakàn wọ́n. Lónìí, àwọn èèyàn ń wakọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá ya fọ́tò òkúta. Lábúlé tiwa, lẹ́yìn Ṣágámù, kànga kan wà tí bàbá bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́. Ta ló kọ ọ́? Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn ọdún mọ́kànlá, mi ò kọ ìlà kan nípa abúlé wa. Mo wá jókòó sí Calgary, mò ń fi ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ ti ẹlòmíì. Ojú ń tì mí, síbẹ̀ mò ń gbádùn ẹ̀.

Ní Mọ́ńdè kan, lẹ́tà dé. Àpò ìwé ńlá ni. Bàbá ti gbọ́ bí mo ṣe ń ya á, wọ́n na ọrùn. Èmi máa ń fi ojú ka nǹkan tán kí n tó fi ẹnu kà á, ìwà tíṣà ni. Mo fi ojú kà á.

Aládùúgbò Dorothy ló kọ ọ́. Ó ní Dorothy ti jáde láyé lójú oorun. Ó ní wọn ò rí nọ́mbà fóònù àbúrò ẹ̀ níbì kankan, àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn àpò ìwé tí mo fi ránṣẹ́ nìkan ni wọ́n rí. Ó ní Dorothy ti fi pẹ́ńsùlù tún àwọn ojú ìwé náà ṣe kó tó lọ, àwọn nìyẹn nínú àpò náà. Ó sì ti sọ fún wọn pé tí òun bá kú, kí wọ́n jẹ́ kí Arthur sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú òun, kódà kó jẹ́ lórí fóònù. Fúráìdè yìí ni ìsìnkú, aago méjì ọ̀sán tiwọn, aago méje àárọ̀ tiwa. Nọ́mbà tí a ó pè wà nísàlẹ̀.

"Kí ló wí?" Bàbá ní.

Mo ká lẹ́tà náà padà. Mo ní, "Wọ́n kí yín. Wọ́n ti rí ìwé yín."

"Dorothy ló kọ ọ́?"

"Aládùúgbò wọn ló bá wọn kọ ọ́."

"Ṣé ó ṣì ń bínú?"

"Rárá, Bàbá. Wọn ò bínú mọ́."

Ìyẹn kì í ṣáà ṣe irọ́.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, wọn kì í ka ikú sí àgbàlagbà létí bí ẹni ń ka ìròyìn. Ẹbí ló ń tú ọ̀fọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń gbàṣẹ́ ṣe. Nígbà tí ìyá mi kú, ilé ìwé ni mo wà. Wọ́n ní, "Ara ìyá ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ yá, wá ká lọ wò wọ́n." Nígbà tí mo dé ilé tí mo rí i pé àwọn àgbà ti pé jọ, tí wọ́n ní kí n jókòó, tí wọ́n gbé omi fún mi, mo ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ọwọ́ mẹ́rin ló dì mí mú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá nìkan dúró nínú yàrá ìdáná ọmọ ọlọ́mọ, kí n sọ fún arúgbó tí ò ríran pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti kú? Tó bá dákú ńkọ́?

Nítorí náà, mo pe Helen.

Mo ní, "Ẹ má jáyà, Bàbá wà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sílé, kẹ́ ẹ wá wò wọ́n."

"Ṣé wọ́n ṣubú ni?"

"Rárá o."

"Ara wọn ò yá?"

"Ara wọn yá. Kẹ́ ẹ ṣáà wá. Tó bá lè jẹ́ kí Fúráìdè tó dé, á dáa."

"Ah, o fẹ́ gba ìsinmi Fúráìdè ni?"

"Rárá!"

"Ó dáa. Sátidé ni mo ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. A máa sọ ọ́ nígbà yẹn."

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odidi. Gbogbo Yorùbá tó bá gbọ́ "Ẹ má jáyà, ẹ wá sílé" ti di ẹrù ẹ̀ kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Helen gbọ́ pé bàbá òun wà dáadáa, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mò ń sọ lọ́kàn ara mi pé á yé e tó bá yá, pé á pè mí padà. Kò pè.

Ní Túsìdè, inú Bàbá dùn débi pé wọ́n sọ ìtàn odò tó gba orí títì kọjá, bí àwọn àti Dorothy ṣe máa ń jókòó sórí ògiri láti ka iye mọ́tò tó máa kú sínú omi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Ní Wẹ́sìdè, wọ́n ní kí n bá wọn gé irun, kí n ya fọ́tò wọn, àwọn fẹ́ fi í síwájú ìwé fún Dorothy. Mo gé e. Mo sì ya fọ́tò náà.

Ní Tọ́sìdè, mo tún pe Helen. Mo rò pé mo ti là á tán. Mo ní, "Lẹ́tà kan dé láti Orsby o."

"Ó mà dáa o! Wọ́n ti ń retí ẹ̀. Kà á fún wọn."

Mo ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá dé."

"Mo ti wọ ìpàdé," ló wí.

Kí ló ṣe mí tí mi ò fi sọ ọ́ jáde? Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ju mẹ́rin lọ. Mo ti bi ara mi títí. Ẹnu mi ni mo mọ̀ pé kò ṣí.

Ní Fúráìdè, ní aago méje àárọ̀, Bàbá ń jẹ ẹyin. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń gbé Dorothy kọjá lábẹ́ igi tó dàgbà ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, pé wọ́n gbé fóònù kan sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń retí kó dún. Bàbá ní ẹyin náà dùn lónìí. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Helen dé ní Sátidé. Mo mú un lọ sí yàrá ìdáná, mo ní kó jókòó, mo gbé omi fún un. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Mo kó lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó tún un kà.

"Àná ni," ló wí. "Àná ni ìsìnkú yìí. Ìgbà wo ni lẹ́tà dé?"

"Mọ́ńdè."

"Mọ́ńdè! O gbé e pamọ́ ọjọ́ márùn-ún!"

Mo kúnlẹ̀. Kì í ṣe pé mo rò ó, orúnkún mi ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀. "Mo pè yín. Mo ní kẹ́ ẹ wá sílé."

"O ní wọ́n wà dáadáa! Jọ̀ọ́, dìde. Dìde!"

Ó bọ́ sí pálọ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní, "Dad, ẹ pẹ̀lẹ́. Dorothy ti kú. Àná ni wọ́n sin ín." Ìyẹn nìkan. Mo rọ́ wọlé láti dì wọ́n mú, ṣùgbọ́n Bàbá Arthur ò dákú. Wọn ò tiẹ̀ mira. Lẹ́yìn tí Helen ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n yí ojú tí ò ríran yẹn sápá ibi tí mo wà.

"Kí ni mo ṣe ní Túsìdè?"

"Ẹ sọ ìtàn odò, Bàbá."

"Mo rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ rẹ́rìn-ín."

"Ìwọ ti mọ̀ nígbà yẹn."

"Mo ti mọ̀."

"Àná, ní aago méje?"

"Ẹ ń jẹ ẹyin."

"Mi ò lọ sìnkú ìyá mi," ni wọ́n wá wí. "Ìyẹn, èmi ni mo ṣe é. Èyí, ìwọ lo ṣe é."

Nílé, ǹ bá rán àwọn àgbà kí wọ́n bá mi bẹ̀ wọ́n. Ta ni mo fẹ́ rán níṣẹ́ ní New Brighton?

Helen fẹ́ kí n lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bàbá ló ní kí n dúró. Wọ́n ní, "Mi ò tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n ta ló máa ka pẹ́ńsùlù Dorothy fún mi?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kà á, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Helen jókòó tì wá. Níbi tí Bàbá ti kọ ọ́ pé bàbá àwọn ló lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí ogun parí, Dorothy kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Irọ́ ni. Bàbá ti mutí yó. Èmi ni mo fa okùn, ìwọ rọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀." Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì di ẹkún, Helen sì gbá wọn mú. Èmi ń wo ilẹ̀.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn, Bàbá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé abẹ́ igi àtijọ́ yẹn ni wọ́n sin ìyá àwọn sí, lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Dorothy fagi lé ọ̀rọ̀ òjò yẹn. Ó kọ ọ́ pé: "Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà. Ìwọ ò sí níbẹ̀."

Mo rò pé kí n fò ó. Mo kà á.

Bàbá fi ọwọ́ wá ojú ìwé náà. Wọ́n ní, "Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò sí níbi ti Dorothy náà." Mo tẹ̀ ẹ́. Wọn ò dárúkọ mi níbẹ̀, ó sì dùn mí ju kí wọ́n dárúkọ mi lọ.

Mo padà sí Abbeydale, mo pe ilé lọ́jọ́ tí kì í ṣe Sọ́ńdè. Ẹ̀rù ba Gbénga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí?"

"Kò sí. Gbénga, gbọ́. Tí nǹkan bá ṣe bàbá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o pè mí. Má rán ẹnikẹ́ni sí mi, má sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi. Sọ ọ́ jáde, kódà tí mo bá wà nínú bọ́ọ̀sì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá bàbá sọ ọ́ fúnra yín." Ó gbé fóònù fún wọn.

Mo tún un sọ fún bàbá mi, wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Má bá Gbénga jà. Èmi ni mo kìlọ̀ fún un, mo ti kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí. Tí mo bá kú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ títí ìwé yẹn á fi jáde. O ò ní lè wá. Kí lo fẹ́ fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, ìwọ nìkan?"

"Bàbá, mo fẹ́ mọ̀."

"Mo gbọ́. Èmi náà ti sọ tèmi." Wọ́n wá bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Mo ní mo ti jẹun.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni mò ń pè. Tí Gbénga bá gbé e, tó ní, "Wọ́n wà dáadáa, wọ́n ń sùn ni," mo máa ń ní kó lọ jí wọn.